Igi Àgbáyun Ẹ̀yìnkùlé Màmá

Ẹ má sọ fún mi pé igi lásán ni. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu gbogbo ará ilé, ó ti sú mi. Igi lásán, igi lásán. Ta ló sọ pé igi lásán ni? Àwọn tí ò jẹ nínú èso rẹ̀ rí ni, àbí àwọn tó jẹ ẹ́ dàgbà, tí wọ́n wá lówó tán tí wọ́n gbàgbé? Èmi ò gbàgbé o. Títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí, tí mo bá ti gbọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé igi, eré ni màá kọ́kọ́ sá síta lọ wò ó.

Kì í sì í ṣe pé ariwo ẹ̀rọ yẹn ṣàjèjì sí mi. Ẹni tó dàgbà sí Ìjẹ̀bú-Igbó, kí ló fẹ́ fi ariwo igi gígé ṣe? Pákó ni wọ́n ń là káàkiri ìlú láti àárọ̀, a tiẹ̀ ti gbọ́ ọ débi pé a ò gbọ́ ọ mọ́. Ṣùgbọ́n ti Sátidé yẹn, ẹ̀yìnkùlé wa gan-an ló ti ń bọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Àgọ́-Ìwòyè dé lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, níbi tí mo ti ń kàwé, mo ń sùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánwò, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánwò lóòótọ́. Mo kàn gbọ́ rrrrrr. Ó dákẹ́. Nǹkan ńlá kan wó lulẹ̀, fèrèsé mì. Kí n tó rí bàtà mi, òórùn ọsàn ti gba gbogbo ilé, òórùn ewé ọsàn tútù àti èèpo ọsàn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, ó ń ta sánsán. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi kí n tó mọ̀ pé igi ọsàn wẹ́wẹ́ Màmá ti lọ. Ohun tó sì dúró ti igi ọsàn yẹn, tí apá wọn ń kanra, igi àgbáyun ni.

Ẹ dúró. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin àbúrò mi tí wọ́n bí sínú ṣúgà ò mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kí n tó máa bá ìjà mi lọ.

Màmá tí mo ń wí yìí, ìyá tó bí bàbá mi ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní àdúgbò Ojowo, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ni mo gbé ní kékeré, torí tíṣà ni màmá mi, wọ́n sì gbé e lọ sí Abigi, lọ́hùn-ún ní Ogun Waterside, níbi tó jẹ́ pé omi lo máa rí kó o tó rí èèyàn. Màmá ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé ọmọ tó bá lọ sí etí omi láìmọ omi wẹ̀, ẹja ló lọ kí. Bí mo ṣe di ọmọ Màmá nìyẹn, èmi àtàwọn ọmọ ẹbí mìíràn tó kún ilé náà.

Gààrí ni Màmá ń ṣe. Gbogbo ẹ̀yìnkùlé náà, gààrí ni. Lápá òsì, ẹ̀gẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, ó funfun gbòò nínú abọ́. Lápá ọ̀tún, àwọn àpò tí a fi jáàkì tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí omi ń ro tó-tó-tó lára wọn. Láàárín, agbada ńlá lórí iná, Màmá á jókòó tì í pẹ̀lú igbá lọ́wọ́, á máa rò ó, á máa fọ́n ọn, èéfín á bo ojú rẹ̀, yóò sì máa kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni pé inú afẹ́fẹ́ tútù ló jókòó sí. Títí di òní, tí mo bá gba ibi tí wọ́n ti ń yan gààrí kọjá, ẹsẹ̀ mi máa ń fẹ́ yà síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ní ìdí ògiri, ni igi àgbáyun wà. Igi náà ò ga, ó kàn ṣùpọ̀ ni, ẹ̀ka ti bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ọmọdé lè wọ abẹ́ rẹ̀ kí wọ́n máa wá a kiri. Màmá ní ìyá òun ló gbìn ín. Ó ní igi náà kì í yára, tó o bá gbìn ín lónìí, ọmọ rẹ ló máa gbádùn rẹ̀. Èso rẹ̀ pupa, kékeré báyìí, kóró ló gba inú rẹ̀. Tí ẹ bá jẹ ẹ́ lásán, ẹ máa ní kí ló tún kù. Àmọ́ tí ẹ bá yí i káàkiri ahọ́n dáadáa, tí ẹ tu kóró rẹ̀ dànù, gbogbo ohun tó bá kan tí ẹ bá fi sẹ́nu lẹ́yìn rẹ̀ ti di àdídùn nìyẹn. Ọsàn wẹ́wẹ́ á dà bí oyin lẹ́nu yín. Mi ò parọ́ o, mi ò sì sọ àsọdùn. Ẹ lọ wá a jẹ.

Ó dáa, níbo ni wọ́n ti ń ṣe gààrí tó kan jù láyé yìí? Ṣé ẹ ti rí ibi tí mo ń lọ?

Àwa ọmọ ilé Màmá ò mọ ṣúgà. A ò wá a. Tí a bá ti ilé-ìwé dé, ebi á ti fẹ́ gbé wa lulẹ̀, a ò ní bọ́ yúnífọ́ọ̀mù, ẹ̀yìnkùlé tààrà. Wàá ká àgbáyun, wàá lá a, wàá bu gààrí, wàá bu omi tútù inú àmù lé e, tí ẹ̀pà bá wà, kí ẹ̀pà wọlé. Gààrí tó lè mú àgbàlagbà fún ojú pọ̀, àwa á máa gbé e mì bí ẹni ń mu tíì onímílíìkì. Àwọn ọmọ ilé kejì tí bàbá wọn ń ra ṣúgà oníhóró, àwa la máa ń káàánú wọn. Ṣúgà tiwọn máa ń tán.

Màmá ní òfin lórí igi yẹn ju òfin ẹran inú ọbẹ̀ lọ. O ò gbọ́dọ̀ ká èyí tí ò tíì pọ́n. O ò gbọ́dọ̀ fa ẹ̀ka ya. Omi ẹ̀gẹ́ tó ń ro lára àpò kò gbọ́dọ̀ dé ìdí rẹ̀ rárá, torí omi yẹn máa ń jó ewé. Ó ti gbẹ́ ojú àgbàrá kan fún omi náà, ó gba ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ lọ sínú kòtò, àwa ọmọ la sì máa ń kó pàǹtí kúrò nínú rẹ̀ ní gbogbo Sátidé, a ó máa kùn, a ó máa kó o. Èyí tó wà lókè pátápátá, tí ọwọ́ ò tó, ti ẹyẹ ni, kò gba àríyànjiyàn. Ìgbà kan, Lékè, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó dàgbà jù wá lọ dáadáa, wá lo họlidé. Ó mú igi gígùn, ó fẹ́ máa gbọn ti òkè. Màmá pè é.

"Lékè, ẹyẹ wo ló ti wá mú ẹran nínú ìkòkò yín rí?"

"Kò sí, Màmá."

"Nígbà náà, sọ igi yẹn kalẹ̀ kí n má bàa fi lé ìwọ náà fò."

A ṣe kọ́ọ̀sì kan lórí àyíká lọ́dún àkọ́kọ́ mi ní Àgọ́-Ìwòyè. A kún inú gbọ̀ngàn bí eṣú, àwa tó wà lẹ́yìn ò gbọ́ nǹkan kan, a kó o sórí bí ìwé orin, a dá a padà fún wọn lọ́jọ́ ìdánwò. Mi ò bú kọ́ọ̀sì náà o, mo fẹ́ràn rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń sọ pé kí èèyàn má lo gbogbo nǹkan tán, kí ó fi sílẹ̀ fún ẹ̀dá mìíràn àti fún ọmọ tí wọn ò tíì bí, ẹ̀rín ń pa mí níbi tí mo jókòó sí. Mo ti jẹ ìgbátí lórí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó mọ̀wé kà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ìyá Awa kí n tó gbàgbé, torí òun ni ìtàn tí a máa ń sọ jù nílé wa.

Ìyá Awa, ará ìlú Awa ni, oníṣòwò gààrí. Obìnrin tó fẹ̀ dáadáa, ohùn rẹ̀ á ti wọlé kó tó sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Òun ló ń ra gààrí Màmá lọ tà, tó bá sì ti ní gààrí kan ò dáa, ẹ ò tún ní rí ẹni tó máa rà á. Kó tó rà á, á bu díẹ̀ sẹ́nu, á dijú. Tí ojú rẹ̀ bá fún pọ̀, tí èjìká rẹ̀ gbọ̀n, Màmá á rẹ́rìn-ín músẹ́. Gbígbọ̀n èjìká yẹn ni oríyìn.

Lọ́jọ́ kan nígbà òjò, ó dé nígbà tí Màmá ṣì wà nídìí agbada. Ó wọ́ àga lọ sábẹ́ igi àgbáyun, ó ń ròyìn ọkọ àbúrò rẹ̀ fún ẹni tí ò gbọ́, ó ń ká, ó ń jẹ, ó ń tu kóró. Ó mọ àgbáyun dáadáa o, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ ọkọ àbúrò rẹ̀ ló gbà á lọ́kàn. Nígbà tó yá, Màmá gbé gààrí wá, ó ṣì ń gbóná. Ìyá Awa bu ú sẹ́nu, ó dijú. Ojú ò fún pọ̀. Èjìká ò gbọ̀n. Ó la ojú padà.

"Kí lèyí?"

"Gààrí ni," Màmá dá a lóhùn. "Kí lo rò pé ó jẹ́?"

"Ó dùn."

Gbogbo wa tí a ń bó ẹ̀gẹ́, ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ wa. Ẹ lè sọ fún ìyá ará Ìjẹ̀bú pé ọmọ rẹ̀ ò rẹwà, ó lè fi ṣẹ̀rín. Ẹ má dán an wò kí ẹ ní gààrí rẹ̀ dùn.

"Kí ló dùn?"

"Gààrí ẹ. Ó dùn bí búrẹ́dì. Ṣé o tiẹ̀ jẹ́ kó pẹ́ nínú àpò, àbí àárọ̀ yìí lo wú ẹ̀gẹ́ ẹ?"

"Ìwọ obìnrin yìí, ahọ́n ẹ ti kú!"

"Ahọ́n tó ń bọ́ mi láti ọjọ́ yìí ló kú?"

Màmá wọlé, ó gbé èyí tó pẹ́ jù nínú àpò jáde, èyí tó ń pa mọ́ fún àwọn oníbàárà pàtàkì, tí òórùn rẹ̀ nìkan ń fa itọ́ jáde lẹ́nu. Ìyá Awa bu ú sẹ́nu.

"Háà! Eléyìí tiẹ̀ tún dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ!"

Ó dìde, ó ń so ìró rẹ̀ le, ó ní òun ń lọ sí ìlú Òrù, ó ní wọ́n ṣì mọ gààrí ṣe ní Òrù. Màmá ní kó máa lọ, kí ọlọ́kadà tó gbé e wá gbé e lọ, kó má ṣe gbé e padà mọ́ láéláé. Ẹnu rẹ̀ le, àmọ́ ó fa abọ́ gààrí náà mọ́ra bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí i. Kò sí nǹkan mìíràn tí Màmá fi ń gbéra ga láyé ju gààrí yẹn lọ. Ó wo ilẹ̀ kí a má bàa rí ojú rẹ̀. Ilẹ̀ tó wò yẹn, kóró àgbáyun ló kún ẹ̀gbẹ́ bàtà Ìyá Awa, ó ń dán, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu.

Màmá yíjú sí mi. "Ìwọ, lọ já ọsàn wẹ́wẹ́ kan wá." Ó là á sí méjì, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀bẹ̀. "Má bínú, ọ̀rẹ́ mi. Fi èyí panu kó o tó lọ."

Ìyá Awa fà á mu, ó tún fà á mu. "Ọsàn wẹ́wẹ́ yín náà dùn! Kí lẹ ń dà sí ilẹ̀ yín ní Ojowo?" Ó wá wo ọsàn ọwọ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè wo igi. "Yéè! Mo dáràn!"

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, àga Ìyá Awa ṣẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, iwájú ilé ni wọ́n ti ń tọ́ gààrí wò, Màmá á sì kọ́kọ́ ní, "Yọ ahọ́n ẹ síta kí n rí i." Nígbà tí Màmá kú, Ìyá Awa fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn náà ní ẹ̀yìnkùlé wa, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, lábẹ́ igi kan náà.

Igi yẹn ni wọ́n fẹ́ gé ní Sátidé tí mo ń wí. Mo já sí ẹ̀yìnkùlé, igi ọsàn ti wà nílẹ̀ gbalaja, ọsàn tútù fọ́n káàkiri. Bàbá Lékè, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé Èkó, dúró pẹ̀lú ṣòkòtò penpe. Ó fẹ́ fi íńtálọ́ọ̀kì, búlọ́ọ̀kù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tò mọ́lẹ̀, bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé kí mọ́tò lè ráyè dúró tí wọ́n bá wálé. Àwọn tó máa to íńtálọ́ọ̀kì jókòó sórí yanrìn, ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Wàsíù tó ń gé igi ládùúgbò wa ti yí ẹ̀rọ rẹ̀ sí àgbáyun.

Mo kúnlẹ̀ o. Kò sẹ́ni tó lè ní mi ò kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ sà. Bàbá Lékè, ẹ ò ní gé àgbáyun náà, àbí?"

"Gbogbo ẹ̀ ni. Ẹyẹ ló pọ̀ lórí ẹ̀. Ṣé o mọ ohun tí ìgbẹ́ ẹyẹ ń ṣe fún ọ̀dà mọ́tò?"

"Ẹ lè gbé mọ́tò sí iwájú ilé, sà."

"Èmi lò ń kọ́ níbi tí mo máa gbé mọ́tò mi sí? Wàsíù, ṣe iṣẹ́ ẹ!"

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Mi ò mọ ìgbà tí mo wọ abẹ́ igi náà, bí a ṣe máa ń wọ̀ ọ́ ní kékeré, àfi pé mo ti tóbi, ẹ̀ka ń ha mi lójú.

"Àǹtí, ẹ jáde níbẹ̀ o," Wàsíù ń pariwo, "ẹ̀rọ yìí ò mọ ọmọ onílé!"

"Mi ò jáde!"

"Tìtorí igi lásán?" Bàbá Lékè ní. "Igi lásán!"

Ó tán. Ibẹ̀ ni mi ò ti lè mú un mọ́ra mọ́. "Igi lásán kẹ̀? Igi tó ṣe ṣúgà fún yín! Ṣebí Màmá sọ fún wa pé ẹ máa ń kó àgbáyun sápò lọ sílé-ìwé, torí kò sí ṣúgà nílé, gààrí lásán lẹ̀ ń mu dàgbà! Ìgbà yẹn, ṣé ìgbẹ́ ẹyẹ ò sí lórí ẹ̀ ni?"

Àwọn oníyanrìn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ẹ̀yin náà mu ún rí, Bàbá?" Ìyàwó rẹ̀ ní, "Dádì, o sọ fún mi pé inú bọ́tà lo dàgbà sí." Ojú Bàbá Lékè pọ́n bí àgbáyun fúnra rẹ̀. Wàsíù pa ẹ̀rọ. Ó ní òun ò lè gé igi tí ọmọ ilé wà nínú ẹ̀, kí wọ́n jà tán kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí òun. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó lọ.

Ilé wa ò rí oorun sùn. Lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, wọ́n pe ìpàdé ẹbí sí pálọ̀. Màmá mi, tó ti kúrò ní Abigi tipẹ́, ti fún mi nímọ̀ràn nínú yàrá. "O máa kúnlẹ̀, o máa bẹ̀bẹ̀, o máa pa ẹnu ẹ mọ́." Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú sà. Ọ̀rọ̀ ṣúgà yẹn, mi ò yẹ kí n sọ ọ́ lójú àwọn èèyàn." Bàbá mi wúkọ́, mo mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń fi í pa mọ́. Mo tún ní, "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má gé e." Màmá mi já mi ní èékánná.

"Lákọ̀ọ́kọ́," Bàbá Lékè ní, "ṣúgà wà nílé wa. Màmá ló ń tì í mọ́ inú àpótí." Gbogbo pálọ̀ rẹ́rìn-ín, òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wá ní kí wọ́n fi íńtálọ́ọ̀kì yí igi náà ká, kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ìdí rẹ̀. Tí òun bá wálé, èmi ni màá máa fọ ìgbẹ́ ẹyẹ lára mọ́tò. Mo ní ẹ ṣé sà. Ó ti yíjú sí bàbá mi. Títí di òní, tí mo bá kí i lórí fóònù, á kàn ní kí n bá òun kí bàbá mi.

Nǹkan ti yí padà, mi ò ní purọ́ fún yín. Kò sẹ́ni tó ń yan gààrí ní ẹ̀yìnkùlé wa mọ́, inú ọ̀rá ni wọ́n ń ra tiwa wálé. Kùkùté igi ọsàn ṣì ń sun oje. Ojú àgbàrá Màmá ti wà lábẹ́ íńtálọ́ọ̀kì, tí òjò bá rọ̀, omi ò mọ ibi tó máa gbà, yàrá ìdáná ló ń yà sí. Ṣùgbọ́n ìdí àgbáyun ṣì jẹ́ ilẹ̀, ilẹ̀ dúdú gidi. Ó so lọ́dún yìí. Àwọn ọmọ Lékè wá, mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lá a, mo bu gààrí fún wọn, àbígbẹ̀yìn wọn ní kí n fi ṣúgà tí mo dà sínú ẹ̀ han òun.

Síbẹ̀, màmá mi ò jẹ́ kí n sinmi. Ó ní ọmọbìnrin kì í la ẹnu bẹ́ẹ̀ sí àgbà. Ó ní ká ní mo dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, tí mo dúró dìrọ̀lẹ́, tí mo lọ bá Bàbá Lékè ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ó máa gbọ́. Ìrọ̀lẹ́ wo? Ẹ̀rọ ti ń hó! Igi ọsàn ti wà nílẹ̀! Ta ni màá wá bẹ̀bẹ̀ fún nírọ̀lẹ́, kùkùté? Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ sọ òótọ́ fún mi: ká ní ẹ̀yin lẹ wà lábẹ́ igi yẹn, ṣé ẹ máa dákẹ́?